Ẹ Wọn Ènìyàn Kí Ẹ Tó Wọn Pákó: Bí A Ṣe Ń Tún Ilé Ìkàwé Àdúgbò Ṣe

Kí ẹ tó ra ẹyọ pákó kan, ẹ gbé àga sí òdìkejì títì, kí ẹ dojú kọ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé náà. Ẹ jókòó síbẹ̀ láti bí aago mẹ́ta ọ̀sán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn tó ń wọlé kọ́ ni kí ẹ máa kà o. Àwọn tó ń kọjá lọ láì yà ni iṣẹ́ yín. Ìyá kan pọn ọmọ, ó fa òmíràn lọ́wọ́, ó wo àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì dúró, ó yọjú wo inú, ó rí ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ lẹ́yìn tábìlì, ó wo ara aṣọ rẹ̀ tó kún fún òróró ẹ́ńjìnnì, ó pẹ̀yìn dà. Bàbá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí ẹ bá kọ ọ́ sí ni plánù yín. Èyí tí ayàwòrán ilé máa yà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bọ̀.

Káfíńtà ni mí, ní Èbúté-Mẹ́ta. Mi ò kàwé rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n pẹpẹ tí àwọn tó kàwé ń to ìwé sí, èmi ni mò ń kàn án. Mo ti ṣiṣẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún mọ́ṣáláṣí, mo sì ti bá ìgbìmọ̀ àdúgbò tún ilé ìkàwé ṣe. Ohun tí mo rí ni pé owó kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ìwé ni wọ́n máa ń wọ̀n. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ìwé wa tó báyìí, ẹ bá wa ṣe pẹpẹ tó máa gbà á." Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹni tó ń bọ̀ wá kà á ga tó báyìí, pé ó ń jókòó báyìí, pé ojú rẹ̀ ń ríran báyìí. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́nà yẹn, ilé ìkó-ìwé-sí lẹ máa kọ́. Ó lè rẹwà o, ṣùgbọ́n ó máa ṣófo.

Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà

Ẹ má tíì pe ìpàdé. Ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, dára, ibẹ̀ la ti ń gba àṣẹ, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ẹni tó máa bínú, ṣùgbọ́n bàbá onílé àti ìyá onílé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ayálégbé á jókòó sẹ́yìn, á dákẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò ní wá rárá, torí ọ̀gá rẹ̀ ò ní yọ̀ǹda rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ sídìí agbada ìyá alákàrà. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, sí ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń to ọkọ̀ sí, sí ẹ̀yìn ọjà Oyìngbò níbi tí àwọn alábàárù ti ń sinmi. Èkó la wà. Ẹ máa bá Ègùn pàdé, ẹ máa bá Haúsá àti Ìgbò pàdé, nítorí náà ẹ mú ẹni tó gbọ́ èdè wọn dání.

Ẹ má bi wọ́n pé irú ìwé wo ni wọ́n fẹ́. Ẹni tí kò wọ ilé ìkàwé rí, ìbéèrè yẹn á kó ìtìjú bá a, á sì fún yín ní ìdáhùn tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ bi í pé, "Tí ibẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ fún yín lálẹ́, kí lẹ máa wá ṣe?" Ẹ ó rí i pé ìdáhùn á yàtọ̀. Ìyá kan ní inú yàrá kan ṣoṣo ni òun àti àwọn ọmọ òun ń gbé, kò sí tábìlì, iná kì í dúró, kí wọ́n kàn bá òun wá ibi tí wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn kan fẹ́ ẹni tó máa bá wọn kọ fọ́ọ̀mù bánkì àti ti NIN láì gbowó. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ibi tí wọ́n á ti kàwé JAMB tí fóònù wọn á sì máa gba iná. Àwọn bàbá fẹ́ ìwé ìròyìn àti ibi tí wọ́n á ti ta ayò. Télọ̀ kan sọ fún mi pé òun mọ nọ́ńbà orí tépù dáadáa, orúkọ oníbàárà ni òun ò lè kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn nìkan tó láti fi ya igun kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà.

Nígbà tí ẹ bá ti kó ìdáhùn jọ tán, ẹ wá gbé e lọ síwájú CDA, kí ẹ sì kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ògiri kankan títí ẹ ó fi gba ìwé àṣẹ. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí èyí. Ẹni tó bá ti gbé Èkó mọ̀ pé àṣẹ àfẹnusọ kì í dúró bí alága bá yí padà.

Tépù

Àwa káfíńtà Èkó, íǹṣì àti ẹsẹ̀ bàtà là ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo ìwọ̀n tó wà nínú òfin àkàndá ẹ̀dá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní ADA, torí íǹṣì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú ìwé nìkan ò tó. Ẹ wá ẹni tó ń jókòó lórí àga onítáyà ní àdúgbò yín. Ó wà níbẹ̀, ẹ kàn ò tíì béèrè ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá bá yín ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ máa wọn ilé, kí ẹ sì san owó ọjọ́ fún un bí ẹ ṣe ń san án fún bíríkìlà, torí iṣẹ́ ló wá ṣe, kì í ṣe àánú lẹ ń ṣe é. Ẹ pe bàbá tàbí ìyá àgbà kan mọ́ ọn, kí ẹ pe ọmọ ọdún mẹ́fà kan, kí ẹ pe ẹni tí ojú ń dùn.

Ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, àyè tó kù láti ara rẹ̀ dé férémù òdìkejì gbọ́dọ̀ tó íǹṣì 32, ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni ilẹ̀kùn òun. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí wọ́n sọ yẹn, láti ẹ̀yìn férémù dé ẹ̀yìn férémù ni. Tí ẹ bá yọ férémù kúrò, tí ẹ yọ nínípọn ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kúrò, tépù á sọ òótọ́ fún yín. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí wọ́n máa ń ti ẹ̀gbẹ́ kan pa títí ayé, ẹ ṣí méjèèjì. Kí ọwọ́ ilẹ̀kùn jẹ́ èyí tí ènìyàn lè fi ìgúnpá tẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má ṣe jẹ́ rogodo tí a máa ń yí, torí ìyá tó gbé ọmọ àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò le kò lè yí i.

Nínú ilé, ibi tí ènìyàn máa gbà kọjá gbọ́dọ̀ tó íǹṣì 36, bó bá sì jẹ́ èmi ni, mo máa ń fún un ní 48. Ibi tí àga onítáyà máa ti yí padà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Tábìlì ìkàwé kò gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 34 lọ, kò sì gbọdọ̀ kéré sí 28. Abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo tó íǹṣì 27 kí orúnkún lè wọ̀ ọ́. Nǹkan tí ènìyàn máa nawọ́ mú láti orí ìjókòó kò gbọdọ̀ ga ju 48. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jókòó lórí àga onítáyà náà wá dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó gé nǹkan kan. Páálí ni mo máa ń fi ṣe tábìlì ìdánwò. Páálí kò wọ́n, ẹ lè gé e lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ẹnu ọ̀nà

Ibí yìí ni mo máa pẹ́ lé jù, torí ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fi iṣẹ́ ṣeré.

Ọ̀pọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibi tó dagun tí táyà lè gbà gòkè dípò àtẹ̀gùn, tí mo ń rí ní Èkó, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ènìyàn. Ó ga ṣánṣán, wọ́n fi táìlì dídán bò ó lórí, wọ́n sì ya àwòrán àga onítáyà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú ìjọba lè rí i. Ẹni tó bá gbìyànjú láti gùn ún á fi ẹ̀yìn lulẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Íǹṣì kan sókè, ẹsẹ̀ bàtà kan síwájú. Bí àtẹ̀gùn yín bá jẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga ní íǹṣì mẹ́fà, íǹṣì 18 nìyẹn, nítorí náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yín gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Bíríkìlà á ní kò sí àyè. Àyè wà. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí títì. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri ilé, kó sì ṣẹ́rí padà lẹ́ẹ̀kan bó bá gba bẹ́ẹ̀. Níbi tó ti máa ṣẹ́rí, ẹ ṣe ibi pẹrẹsẹ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ẹ ṣe irú rẹ̀ sí iwájú ilẹ̀kùn, torí kò sẹ́ni tó lè jókòó sórí ibi tó dagun kó tún máa fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Bí gíga rẹ̀ bá ju íǹṣì 30 lọ, ibi ìsinmi gbọ́dọ̀ wà láàárín.

Ẹ ṣe etí tó ga ní íǹṣì mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí táyà má yọ́ bọ́ sílẹ̀. Irin ìdìmú á wà lápá méjèèjì, láàárín íǹṣì 34 sí 38. Ẹ ní kí wẹ́dà fi ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Kí wẹ́dà fi fáìlì fá ojú ibi tó jó dáadáa, ẹ fi ọwọ́ ara yín pa á kí ẹ tó san owó rẹ̀. Ojú sìmẹ́ǹtì, kó tó gbẹ, ẹ fi ọwọ̀ fà á ní ìbú kó rí háráhárá. Ẹ má lo táìlì. Bí ẹni tó ń dá owó bá fi dandan lé táìlì, ẹ ní kó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé rẹ̀.

Gọ́tà ńkọ́? Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà kì í ṣe afárá. Ẹ da kọnkéré sí i, tàbí kí ẹ lo irin, kí àlàfo àárín irin má ju ìdajì íǹṣì lọ, nítorí táyà kékeré iwájú àga onítáyà á wọ inú rẹ̀, ọ̀pá afọ́jú náà á sì há síbẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà tí ìwé àwọn òyìnbó ò sọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, wọ́n ti da ọ̀dà sórí títì léraléra débi pé títì ti ga ju ilé lọ. Dípò kí ẹ gòkè wọlé, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ ni, omi òjò á sì tẹ̀lé yín. Àwọn ènìyàn á mọ búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà kí omi má wọlé, ẹni tó wà lórí àga onítáyà náà ò sì ní wọlé mọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ mú ilẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ láti títì, kó ga ju ibi tí omi ń dé lọ, kó tó wá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ilẹ̀kùn, ní ìwọ̀n íǹṣì kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan náà. Níwájú ilẹ̀kùn, ẹ la ojú gọ́tà tóóró tó ní irin lórí, tó máa gba omi tó bá sá wọlé, kí ẹ sì wá ibi tó máa ṣàn sí. Ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ lójú títì yẹn ibi tí omi dé lára ògiri nígbà òjò oṣù kẹfà. Wọ́n máa fi ọwọ́ hàn yín.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ bá ń sọ pé gbogbo èyí ti pọ̀ jù, ẹ rán an létí pé òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá, àjọ LASODA ló sì ń rí sí i. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní 2024. Mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa fi òfin dẹ́rù ba ará àdúgbò, ṣùgbọ́n ó wúlò fún olówó tó ń ṣiyèméjì.

Pẹpẹ, àga, àti igi tí a fi ṣe wọ́n

Nígbà kan, Oko-Bàbá létí ọ̀sà níbí la ti ń ra pákó. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí àwọn oníṣọ́ọ̀mìlì kó lọ sí Àgbọ̀wá, owó ọkọ̀ ti wọ inú owó pákó. Nítorí náà, ẹ kó iṣẹ́ yín jọ, kí ẹ ra á lẹ́ẹ̀kan.

Arère fúyẹ́, ayùn fẹ́ràn rẹ̀, owó rẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ ju ayùn lọ. Káfíńtà tó bá fẹ́ jẹ èrè máa fi arère ṣe gbogbo ẹ̀, á kùn ún ní ọ̀dà dúdú, á ní ìrókò ni. Ẹ fi èékánná rin ín níbi tí ọ̀dà ò dé. Arère á gba èékánná, ìrókò ò ní gbà. Ohunkóhun tó bá máa kan ilẹ̀, ẹ fi ìrókò tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ ṣe é. Àwọn pákó ìdúró-ìwé lè jẹ́ afàrà tó ti gbẹ dáadáa tàbí plywood tó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì. Kí pákó gbẹ ṣe pàtàkì. Ẹ ra á ṣáájú ọyẹ́, kí ẹ tò ó pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Pákó tútù tí ẹ bá kàn mọ́lẹ̀ nígbà òjò á lọ́ nígbà tí ọyẹ́ bá dé.

Ìwé wúwo ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ìwé tó kún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lè tó ọgbọ̀n kílò. Nítorí náà, kí pákó kan má gùn ju íǹṣì 30 lọ kí ẹsẹ̀ míì tó gbé e. Ẹni tó bá ṣe é gígùn kí iṣẹ́ lè tètè parí, láàárín ọdún kan pẹpẹ á ti tẹ̀ bí okùn aṣọ tí wọ́n sá kèǹbè tútù sí.

Àwọn pẹpẹ tó bá wà láàárín ilé kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Ìyá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, ọmọ náà fẹ́ rí ìyá rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ sì fẹ́ rí gbogbo wọn. Ẹ fi táyà tó ní ìdádúró sí ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ lè tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé tàbí lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì bá wá gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí tó bá fara ti ògiri lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi bóòtù dè é mọ́ ògiri, torí ọmọdé á gùn ún, ẹ má tan ara yín. Ẹ fi àyè ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri. Ògiri Èkó máa ń làágùn, ìwé tó bá kàn án á bu. Pákó ìsàlẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀ tó íǹṣì mẹ́wàá nítorí omi, nítorí ìgbálẹ̀, àti nítorí ẹ̀yìn àwọn àgbà.

Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n tì pa, ẹ yọ gíláàsì náà, ẹ fi ṣe fèrèsé. Ìwé tí a tì mọ́lé ń sọ fún ará àdúgbò pé olè ni wọ́n.

Àga àwọn àgbà gbọ́dọ̀ ní ọwọ́, ìjókòó rẹ̀ á ga ní íǹṣì 18, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ti ara wọn dìde. Àga oníke máa ń yọ̀ sẹ́yìn lórí táìlì bí àgbàlagbà bá fẹ́ dìde. Ẹ fi í sílẹ̀ fún òde àríyá. Fún àwọn ọmọdé, ẹ ṣe bẹ́ǹṣì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì tẹ́ ẹní. Bí àyè bá wà, ẹ ṣe bẹ́ǹṣì gígùn kan síta lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì láti wọlé á kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ ná.

Ariwo, atẹ́gùn, iná

Ẹ yọ pátákó "Ẹ DÁKẸ́" kúrò lára ògiri. Ẹ pín ilé náà sí méjì: apá iwájú fún àlọ́, ayò, ìpàdé àti ọmọdé, apá ẹ̀yìn fún ẹni tó fẹ́ kàwé. Pẹpẹ tó kún fún ìwé máa ń gba ohùn mọ́ra, nítorí náà ẹ to díẹ̀ nínú àwọn pẹpẹ àárín ilé sí ojú ààlà méjèèjì. Ìyẹn ti tó.

Ẹ̀rọ amúlétutù, mi ò gbà yín níyànjú. Tí iná bá lọ, ilé tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa á di ààrò. Ẹ lọ wo Jaekel House nínú ọgbà Reluwé níbí, tí wọ́n kọ́ ní 1898, kí ẹ wo bí àwọn tó kọ́lé nígbà tí kò sí fáánù ṣe fún atẹ́gùn láyè. Ẹ ṣí fèrèsé sí apá méjì tó dojú kọ ara wọn, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, kí ẹ fi fáánù kún un.

Kí ẹ tó lọ sí Alábà lọ ra sólà, ẹ kọ ohun tí ẹ máa tàn sílẹ̀. Gílóòbù LED mẹ́fà tó ń jẹ 10W, 60 nìyẹn. Fáánù mẹ́rin tó ń jẹ 60W, 240. Kọ̀ǹpútà àgbélétan mẹ́rin tó ń jẹ bíi 50W, 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500W. Láti aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́, wákàtí mẹ́jọ, 4 kWh. Bátìrì yín gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí kò yẹ kí a máa fa bátìrì gbẹ. Ẹ mú bébà yìí dání lọ sí ọjà. Ọlọ́jà tó bá rí i pé ẹ mọ nọ́ńbà yín ò ní kó ẹrù òfo lé yín lórí. Jẹnẹrétọ̀ wà fún ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ léraléra, kó sì jìnnà sí fèrèsé, torí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Ibi tí fóònù á ti máa gba iná, ẹ ṣe é sára tábìlì ìkàwé. Ẹni tó wá gba iná á jókòó, bó bá ti jókòó, ìwé wà níwájú rẹ̀.

Ìwé fúnra rẹ̀

Ẹ kó gbogbo ìwé sílẹ̀, kí ẹ sì kó èyí tí ikán ti jẹ, èyí tó ti bu, àti ìwé ìdánwò tí sílábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti yí padà dànù láìṣojo. Àwọn olówó máa ń fi ìwé tí wọn ò fẹ́ mọ́ ta ilé ìkàwé lọ́rẹ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ ṣà á.

Ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876 ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ṣì ń lò. Ẹ má pa á tì, olùtọ́jú ìwé nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kí ará àdúgbò kọ́kọ́ rí. Èdè Yorùbá wà ní 496.333, lítíréṣọ̀ Yorùbá ní 896.333, ọkọ̀ ní 629, aṣọ rírán ní 646, oúnjẹ ní 641. Ta ni ọmọ mẹkáníìkì tó máa mọ 629? Ẹ ya àwòrán ọkọ̀, ẹ kọ "ỌKỌ̀ ÀTI Ẹ́ŃJÌNNÌ" sí i gàdàgbà, kí ẹ kun pẹpẹ náà ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ lọ tẹ àwọn àkọlé náà ní Ṣómólú. Àwọn atẹ̀wé ibẹ̀ lè ṣe é ní Yorùbá tó ní àmì ohùn bí ẹ bá gbé fọ́ọ̀ǹtì tó dára lọ fún wọn. Ẹ ka èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó tẹ ìyókù, àmì ohùn máa ń sá lọ. Àwọn pẹpẹ ọkọ̀, aṣọ, irun àti iná mànàmáná, ẹ gbé wọn sí iwájú, níbi tí ẹni tó wà lójú títì lè rí wọn.

Fún àwọn tí ojú ń dùn, ẹ ní ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ tó fọ́ọ̀ǹtì 18, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ àgbà á yà sídìí rẹ̀ láìsọ pé ojú ń dun àwọn. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí Àdéhùn Marrakesh láti 2017, èyí tó fàyè gba ṣíṣe ẹ̀dà ìwé lọ́nà tí afọ́jú lè gbà kà á, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 sì ti mú un wọ inú òfin wa. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi NVDA sí i. Ọ̀fẹ́ ni, òun ló máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta. Ilé ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn ọmọ afọ́jú wà ní Sùúrùlérè láti 1962. Ẹ lọ kí wọn níbẹ̀, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń to yàrá kí ẹ tó to tiyín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó, ẹ má máa yí àga kiri lójoojúmọ́. Afọ́jú tó ti mọ ojú ọ̀nà lánàá kò gbọdọ̀ kọlu tábìlì lónìí.

Fún adití, aago tí ẹ ń lù pé a fẹ́ tilẹ̀kùn kò wúlò. Ẹ máa pa iná, kí ẹ tún tàn án.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Omi gbọ́dọ̀ wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ á máa ṣí síta kí ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ má há, àga onítáyà á lè yí nínú rẹ̀, irin ìdìmú á wà lára ògiri. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ẹnì kan tí ọmọbìnrin á máa lọ tọrọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò bá dára, ìyá àti àgbà ò ní pẹ́ níbẹ̀, ohun gbogbo tí ẹ ná á ti bọ́ sómi.

Kọ́kọ́rọ́, owó, àti ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ gbé tábìlì olùtọ́jú kúrò ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Kò yẹ kí ẹni tó bá wọlé kọ́kọ́ bá ìbéèrè pàdé. Ẹni tí ẹ máa fi síbẹ̀, ẹ wá ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tó mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Iṣẹ́ nọ́ńbà, ẹ lè kọ́ ọ.

Ẹ má gba owó ìwọlé. Ìwé ìkéde tí àjọ UNESCO gbé jáde lórí ilé ìkàwé gbogbogbòò ní 1994, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, náà sọ pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Ẹ má sì béèrè ìwé owó iná NEPA kí ẹ tó yá ènìyàn ní ìwé. Ayálégbé ò ní ìwé owó iná, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ò ní in. Ẹ gba onídùúró: ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, tíṣà, Ìyálọ́jà, ìmáàmù, pásítọ̀. Ìwé díẹ̀ máa sọnù. Ẹ kà á mọ́ ìnáwó, bí a ṣe ń ka ìṣó tó bá tẹ̀.

Àsìkò tí wọ́n máa ń ṣí ilé ìkàwé ní Èkó, àsìkò tí gbogbo ènìyàn wà níbi iṣẹ́ ni. Ẹ ṣí i láti aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́. Ní Jímọ̀, ẹ jẹ́ kí ìrun parí. Ní Sunday, ẹ ṣí i láti aago méjì, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì bá jáde. Ẹ̀kọ́ àgbà, ẹ fi í sí aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí ọjà ti ń tú.

Òṣèlú á wá, á fẹ́ lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ gbà fún un, bó bá mú nǹkan wá, ṣùgbọ́n kí orúkọ rẹ̀ má tóbi ju àkọlé tó ń fi ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn lọ.

Ẹ kan àpótí kékeré kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: òòlù, sùkùrù, ìṣó, òróró fún ìnsì, tépù kan. Ẹ yan káfíńtà kan àti wẹ́dà kan ní àdúgbò tó máa wá yẹ irin ìdìmú àti ẹsẹ̀ pẹpẹ wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹ kọ owó wọn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ńlá, kí ẹni méjì ní in lọ́wọ́, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń tajà nítòsí tí kì í fi ojú títì yẹn sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjì sára ilẹ̀kùn, ní gíga tí ọmọdé lè kà, kí ẹni tó bá débẹ̀ ní aago méjìlá tó bá a ní títì lè pè wọ́n.